Ẹ̀rọ iná tí kò mu epo: kí ló dé tí àwọn olówó ń fà sẹ́yìn?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ l'Abẹ́òkúta tí kò mọ bó ṣe ń dun ni. Àwọn tó ń lọ ata mọ̀ ọ́n, àwọn aránṣọ Ìtòkú mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Kútò ni kí ẹ má tiẹ̀ bi léèrè rárá. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ jáde tó ní kò mu epo, kò fẹ́ oòrùn, kò sì dúró de NEPA, kò sí etí tí kò ní nà gbọnran.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń lọ láti orí fóònù kan sí èkejì. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan yóò ní òun ti ṣe ẹ̀rọ tó ń bọ́ ara rẹ̀, yóò sì ní kí àwọn èèyàn wá fowó sí i kí òun lè ṣe é lọ́pọ̀. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí irú wọn pọ̀, àlàyé yìí sì bá gbogbo wọn wí. Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ìwé CAC wà, gílóòbù tàn níṣojú gbogbo ayé, ẹnjiníà sọ̀rọ̀ ó dùn ún gbọ́, síbẹ̀ àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn gan-an ló ń sọ pé àwọn ò tíì ṣe. Àwọn kan ti ń pè wọ́n ní ọ̀tá ìtẹ̀síwájú. Wọ́n ní ká ní òyìnbó ló gbé e wá ni, wọn ì bá ti sáré sanwó. Bí ẹ ṣe máa rí i níwájú, òyìnbó gan-an ti gbé e wá rí, ojú sì ti rí tó.

## Kí ni wọ́n ń tà gan-an?

Ìpín ni wọ́n ń tà. Wọn ò tíì máa ta ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn yé wa ná. Ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ gbé ẹrù lọ sílé; bí kò bá ṣiṣẹ́, á gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Ẹni tó ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Bí wọ́n bá jèrè, á jẹ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wọlẹ̀, owó rẹ̀ bá a wọlẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tó yá wọn lówó tún yàtọ̀, torí ti ẹni yẹn, dandan ni kí wọ́n dá a padà pẹ̀lú èlé, bó ti wù kí ọjà rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ni àwọn yá ilé-iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìpín ni wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn rà. Ẹ lọ ka ìwé tí wọ́n fún yín.

Olùdókòwò ni à ń pe ẹni tó bá fowó sí òwò ẹlòmíràn báyìí. Ìbéèrè tirẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: èrè mi, níbo ni yóò ti wá? Bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe, kò sí ọjà tí ẹnikẹ́ni máa rà. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ṣọ́ owó rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wádìí ẹ̀rọ, ì báà má ka ìwé sáyẹ́ǹsì rí láyé rẹ̀.

## Wáàtì àti yúnìtì

Ọ̀rọ̀ méjì péré la nílò. Wáàtì ń sọ bí nǹkan ṣe ń fa iná tó lásìkò tí ó ń ṣiṣẹ́. Gílóòbù LED kékeré lè jẹ́ wáàtì 10. Áyọ́ọ̀nù lè jẹ́ 1,000. Yúnìtì ni àpapọ̀ iná tí a ti jẹ, òun náà ni ẹ ń rà sínú mítà. Ohun tó ń fa wáàtì 1,000, bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, ti jẹ yúnìtì kan. Nígbà tí wọ́n gbówó lé iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa tó ogún wákàtí lójúmọ́, ní oṣù kẹrin 2024, yúnìtì kan di 225 náírà.

Bátìrì náà ní iye yúnìtì tó lè gbà sínú. Èyí tí wọ́n kọ 12V 100Ah sí lára, ẹ sọ 12 di ìlọ́po 100, ó di wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Yúnìtì kan lé díẹ̀ nìyẹn. Bátìrì tó jẹ́ pé èèyàn á mí hẹlẹ kó tó gbé e dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, iná inú rẹ̀ kò tó ti 300 náírà lọ́dọ̀ IBEDC. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Bí firísà ẹja wa ní Kútò bá ń fa wáàtì 150 láìsinmi, bátìrì yẹn kò ní bá a dé wákàtí mẹ́jọ kó tó gbẹ.

Ẹni tó bá wá ní ẹ̀rọ òun jẹ́ 5KVA, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ó sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe lè gbé ẹrù tó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sọ iye yúnìtì tó lè mú wá láàárín ọjọ́ kan, kò sì sọ ibi tí àwọn yúnìtì náà ti ń bọ̀.

## Ṣebí gílóòbù tàn?

Ó tàn. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀. Gílóòbù márùn-ún, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wáàtì 50 ni àpapọ̀ wọn. Ìpàdé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ han èèyàn kì í sábà ju wákàtí méjì lọ. Wáàtì 50 fún wákàtí méjì kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá yúnìtì lọ. Bátìrì tí mo sọ lókè yìí nìkan lè tan gílóòbù márààrún náà fún nǹkan bíi wákàtí 24, láìsí ẹ̀rọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, tó mu mínírà ọ̀fẹ́, tó sì rí iná tó ń tàn, kò tíì rí ohunkóhun tí bátìrì kò lè dá ṣe.

Mo wà níbi ọ̀kan nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Ìléwó. Àpótí irin ni ẹ̀rọ náà, wọ́n kùn ún ní búlúù, fáànù kékeré irú ti inú kọ̀ǹpútà ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wáyà pupa àti dúdú yọ jáde lẹ́yìn. Wọ́n ní ká bèèrè ìbéèrè. Àwọn tó kọ́kọ́ dìde ń bèèrè iye tí ìpín kan jẹ́. Ìgbà tó yá, bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Láfẹ́nwá dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bátìrì tó wà nínú ẹ̀ yẹn, kí ló wà fún?"

"Bàbá, ti sítáàtì nìkan ni, sà. Tó bá ti sítáàtì, ẹ̀rọ ló ń bọ́ ara ẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti sítáàtì báyìí. Ẹ bá mi yọ bátìrì náà."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn bá yọ ọ́, ẹ̀rọ á kú, ó sì lè ba bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ jẹ́. Bàbá ní kò burú, ó jókòó. Ìbéèrè lórí owó ìpín tún bẹ̀rẹ̀.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ tó wà níbẹ̀ kò fura sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú wọn. "I better pass my neighbour" tí à ń fi okùn fà kò ní bátìrì kankan, bó bá sì ti dáhùn, epo ló ń jẹ títí yóò fi tán. Ẹ̀rọ tó bá ń mú iná jáde ju èyí tó ń jẹ lọ lóòótọ́ kò gbọ́dọ̀ nílò bátìrì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ìdánwò wẹ́dà yẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì wúlò ju gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà lọ.

## Ṣé gbogbo ohun tí kò mu epo ló jẹ́ irọ́ ni?

Rárá o. Sólà kò mu epo. Oòrùn ló ń jẹ. Ẹ̀rọ tó ń ti ara ìgbẹ́ màlúù àti pàǹtí mú gáàsì jáde kò mu epo bẹntiróòlù. Níbí lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta sí Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n kọ́ parí ní 1983, mẹ́gáwáàtì 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́, àmọ́ àìlò ni àbùkù ibẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jiyàn pé omi tó ń já láti òkè kò lè dá iná sílẹ̀. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹ lè nàka sí oúnjẹ ẹ̀rọ. Oòrùn nìyí, pàǹtí nìyí, omi nìyí. Níwájú àpótí búlúù yẹn, ìka kò rí ibi nà sí.

## Kí ló dé tí ẹ̀rọ kò lè bọ́ ara rẹ̀?

Ohun tó sábà máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni bátìrì, mọ́tọ̀ tó ń yí bíi ti fáànù, àti alternator irú ti inú ọkọ̀. Bátìrì ń yí mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ ń yí alternator, alternator ń dá iná padà sínú bátìrì, wọ́n á ní èyí tó ṣẹ́ kù ni à ń lò nílé. Létí, ó dùn.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ní kòròbá omi méjì, tó ń da omi láti inú ọ̀kan sí èkejì, tó tún ń dà á padà. Bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin tó, díẹ̀ á máa ta sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí bó ṣe lè dà á tí omi fi máa pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá ń bu omi mu nínú rẹ̀ láàárín kan náà, ṣe ló ń mú kí ó tètè tán.

Nínú àpótí, ooru ni omi tó ń ta sílẹ̀ yẹn. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fáànù tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ẹ ó rí i pé ó gbóná. Iná tí ẹ sanwó rẹ̀ ni, kò sì bá yín fẹ́ atẹ́gùn kankan. Mọ́tọ̀ tó dáa lè sọ 85 nínú 100 iná tó jẹ di yíyí. Alternator ọkọ̀ sábà máa ń dá bíi 60 padà nínú 100 tó bá gbà. Bí 100 bá ti ara bátìrì jáde, 85 ló dé ọ̀dọ̀ alternator, 51 ló sì padà sílé. Ẹ tún un yí, ó di 26. Ẹ ò tíì tan gílóòbù kankan o.

Àwọn mìíràn á ní òòfà ni tiwọn ń lò, kì í ṣe bátìrì. Òòfà lè fa irin mọ́ra lóòótọ́, àmọ́ agbára tí ẹ máa lò láti já irin náà kúrò lára rẹ̀, kó lè tún fà á, kò dín sí èyí tó fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ débi pé ní 1775, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Académie ìlú Paris pinnu pé àwọn kò ní yẹ ìwé ẹnikẹ́ni wò mọ́ tó bá ní òun ti ṣe ẹ̀rọ tó ń dá yí títí láé. Ó ti sú wọn.

## Àwọn wo ló ti gba ọ̀nà yìí kọjá?

Ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, John Keely bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan bíi 1872 pé òun ti rí agbára tuntun kan. Wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn èèyàn ra ìpín, wọ́n ń dúró. Ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fi dúró. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ní kó mú ẹ̀rọ jáde, yóò ní ó ku díẹ̀. Ó kú ní 1898. Nígbà tí wọ́n tú ibi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n rí àgbá irin roboto ńlá kan nísàlẹ̀ ilé àti àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pamọ́. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú àgbá ló ń gbé idán náà ṣiṣẹ́.

Kí ẹ má rò pé àtijọ́ nìkan ni. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Dublin tó ń jẹ́ Steorn fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn The Economist pé òun ní ẹ̀rọ tó ń dá iná ọ̀fẹ́, kí àwọn onímọ̀ wá dán an wò. Wọ́n fẹ́ fi han gbogbo ayé ní London ní 2007. Ọjọ́ pé, kò ṣiṣẹ́, wọ́n ní ooru iná gbọ̀ngàn ló fà á. Ní 2009, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pè sọ lóhùn kan pé wọn kò fi hàn pé iná kankan ń jáde láti inú òfìfo. Àwọn olùdókòwò sì ti kówó lé e.

Ti EEStor ló yẹ ká fara balẹ̀ wò jù, torí òun kò purọ́ mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìpínlẹ̀ Texas ló wà, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2001. Ohun tó ní òun fẹ́ ṣe ni nǹkan ìkóná-pamọ́ tó fúyẹ́ ju bátìrì lọ dáadáa, tí ọkọ̀ á fi gba iná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí òfin ayé kankan tí ìyẹn tako. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ZENN ní Kánádà fowó sí i, ó sì kéde ọkọ̀ tí yóò lò ó fún 2009. Wọ́n sún ọjọ́, wọ́n tún sún un, ọkọ̀ kò dé ọjà. Ohun tí àwọn oníyèméjì ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò le: ẹ gbé ẹyọ kan ṣoṣo tó pé jáde, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni wọn, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti Steorn, ẹ lè kọ̀ ọ́ láìkúrò lórí àga yín. Ti EEStor, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá ń fowó sí irú èkejì yìí kò hùwà òmùgọ̀, bó bá ṣáà ti mọ̀ pé owó tí òun lè pàdánù ni.

## Ìwé CAC àti pátẹ́ńtì ńkọ́?

CAC ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ó tán. Kò dán ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni wò. Kódà, òfin ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láyè láti máa ké pe gbogbo ìlú pé kí wọ́n wá ra ìpín, àfi bí òfin mìíràn bá fún un láṣẹ. Àjọ SEC ló ń bójú tó ìyẹn, ìwé tiwọn ló yẹ kí ẹ béèrè.

Pátẹ́ńtì ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ìwé tó ní ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí mo ṣe láìgbàṣẹ ni. Kò ní ohun tí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Òfin pátẹ́ńtì Nàìjíríà sọ ọ́ ní gbangba pé ọrùn ẹni tó gbà á ni ewu rẹ̀ wà, kò sí onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. L'Amẹ́ríkà, bí ẹ bá mú ẹ̀rọ tó ń dá yí títí láé wá, àwọn tó ń fúnni ní pátẹ́ńtì lè ní kí ẹ gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ wá kí àwọn rí i.

## "Wọ́n á jí àṣírí wa"

Èsì tí ẹ máa gbọ́ nìyí bí ẹ bá ní kí ẹlòmíràn dán an wò. Kò yẹ kó dí yín lọ́wọ́, torí kò sí ìdí láti ṣí àpótí. Ẹ gbé e sínú yàrá kan ní yunifásítì FUNAAB, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ iná, kí ilé-iṣẹ́ fi àgádágodo tirẹ̀ tì í. Kí wáyà kankan má wọlé. Kí wọ́n so sítóòfù iná wáàtì 1,000 mọ́ ọn, kí wọ́n fi mítà tó ń ka yúnìtì sáàárín, kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ méje.

Yúnìtì 168 nìyẹn. Kí bátìrì tó lè dá ṣe é, ó gbọ́dọ̀ tó 140 irú èyí tí mo sọ lókè, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó 140 pamọ́ sínú àpótí kan. Bí sítóòfù náà bá ṣì ń gbóná lọ́jọ́ keje, èmi fúnra mi á ra ìpín. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ gidi ló yẹ kó máa sáré wá ìdánwò yìí kiri, torí ọ̀sẹ̀ kan péré ló máa fi pa gbogbo oníyèméjì lẹ́nu mọ́.

## Èrè oṣooṣù ńkọ́?

Ibí ló ti yẹ kí ara fu yín jù. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tuntun lóòótọ́ máa ń náwó fún ọdún púpọ̀ kó tó rí èrè kankan. Bí èyí tí kò tíì ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá wá ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ẹ bi owó náà ní ìbéèrè tí ẹ bi iná: níbo lo ti ń bọ̀? Kò lè ju àpò ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni MMM àti CBEX: MMM ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn ní oṣù kejìlá 2016, CBEX ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2025 ti wá ka irú ètò bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n.

## Ẹni tó ti sanwó ńkọ́?

Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí owó, àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìwé ìpín yín jọ síbì kan. Ẹ wò ó lọ́dọ̀ SEC bóyá wọ́n ní àṣẹ láti gbowó lọ́wọ́ ará ìlú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹni méjì wá kí wọ́n tó dá tiyín padà, ẹ má mú ẹnikẹ́ni wá, àní àbúrò yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà ṣókí sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí èsì ìdánwò tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ṣe, ọjọ́ tó ṣe é, iye yúnìtì tó wọlé àti iye tó jáde. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan, torí bí wọn kò bá fèsì, òun ni ẹ máa fi ránṣẹ́ sí SEC pẹ̀lú ẹ̀sùn yín.